Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Owó Táṣẹ́rẹ́ Ṣe Ilé Yín Lọ́ṣọ̀ọ́ Shabby Chic ní Abẹ́òkúta

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, ní Aké, ní Ìtokú, ní Ìgbẹ̀yìn, ẹ máa rí àga onígi kan tí oòrùn ń pa tí òjò sì ń pa. Fóòmù rẹ̀ ti já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka kàn án, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún kókókó. Ìrókò ni, tàbí ọ̀gànwó, irú pákó tí owó rẹ̀ ń já oníbàárà láyà lónìí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ irú àga bẹ́ẹ̀, tó kùn ún ní àwọ̀ wàrà, tó fi sáńpépà ha etí rẹ̀ díẹ̀, tó wá fi adìrẹ tó ti ṣá bo tìmùtìmù rẹ̀, ó ti ní ohun tí àwọn ará òkè òkun ń fi owó ńlá rà.

Ọ̀ṣọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní shabby chic ni mò ń sọ. Inú àwọn ilé ńlá ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀, níbi tí àga àti aṣọ ti ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láìsí pé wọ́n pààrọ̀ wọn. Ní ọdún 1989, Rachel Ashwell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Shabby Chic sí Santa Monica ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, orúkọ náà sì tàn káyé láti ibẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: igi tí wọ́n kùn ní funfun tàbí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀dà ti ṣí níbi tí ọwọ́ máa ń kàn, aṣọ òwú tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀, òdòdó lára aṣọ àti nínú abọ́, díńgí àtijọ́, àga mẹ́rin tí kò jọra yí tábìlì kan ká.

Èrò mi lórí rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀ rárá. Ohun àtijọ́ wà nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, orí ọ̀dà, sáńpépà, káfíńtà àti télọ̀ ni kí owó yín lọ, kí ẹ má ná an sórí àga tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha lára kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yí ilé ká, kí ẹ tó yí ọjà ká

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ wo ilé tiyín, kí ẹ sì ya ilé òbí, ilé ẹ̀gbọ́n, àti ilé ẹbí tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́. Ohun tí ẹ ń wá ni àga onígi, tábìlì kékeré, kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀, àpótí aṣọ ìyá àgbà, férémù fọ́tò, díńgí, abọ́ tánganran olódòdó, àtùpà, agbọ̀n, ìgò, àti aṣọ: adìrẹ tó ti ṣá, léèsì tó ti di àwọ̀ wàrà, aṣọ orí tábìlì tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Ẹ má gbàgbé fèrèsé onígi. Ọ̀pọ̀ onílé tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe ló ń yọ fèrèsé onígi kúrò kí wọ́n lè fi alumíníọ́ọ̀mù sí i, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì ń kó wọn jọ sí títí wọn ó fi dáná sun wọ́n. Ẹ tọrọ wọn. Fèrèsé kan ṣoṣo, tí ẹ fọ̀ dáadáa tí ẹ gbé ti ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ti yí yàrá padà ná.

Ní ti ohun tó jẹ́ ti ẹbí, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e, ẹ tún béèrè kí ẹ tó kùn ún. Àga tí bàbá ń jókòó lé nígbà ayé rẹ̀ kì í ṣe pákó lásán lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe àti ibi tí ẹ máa gbé e sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú wọn á dùn pé ẹnì kan rántí ohun náà, wọ́n á tún júwe òmíràn tí ẹ ò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní kùn láé. Ilẹ̀kùn tàbí òpó tí wọ́n fín, ọpọ́n, àti àga tí àwọ̀ igi rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ tí kò ní àléébù. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná nù wọ́n, ẹ fi ìda pa wọ́n, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ohun funfun, igi kan tó dúdú ń mú kí ojú ríbi sinmi. Èyí tí pákó rẹ̀ ti ní àbààwọ́n, tí wọ́n ti kùn ní gloss tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n fi oríṣi pákó mẹ́ta kàn, ni kí ẹ kùn.

Yàrá kan ṣoṣo, owó kan ṣoṣo

Ẹ má ṣe dàwọ́ lé gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá tí ẹ ń sùn ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àlejò ò ní í máa wọ ibẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ẹ fi téèpù wọn ògiri, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, kí ẹ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ kí ẹ lè mú un dání lọ sọ́jà.

Iye owó tí ẹ bá ní, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin. Apá kan fún ọ̀dà, sáńpépà àti búrọ́ọ̀ṣì. Apá kan fún káfíńtà tó máa mú ẹsẹ̀ àga le. Apá kan fún aṣọ àti télọ̀. Apá kẹrin, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí pé nǹkan kan á sáà yọjú. Lítà emulsion kan máa ń kun nǹkan bí ojú ibi tó gùn ní mítà márùn-ún tó sì fẹ̀ ní mítà méjì lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin kan tó fún kọ́bọ́ọ̀dù, àga méjì, tábìlì àti férémù yín, á sì ṣẹ́kù. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ta rọ́bà lítà ogún fún yín nítorí ohun èlò inú yàrá kan.

Àwọ̀

Funfun báláú tó máa ń wà nínú àwòrán àwọn òyìnbó ò bá ìlú wa mu. Erùpẹ̀ pupa wa ò fi nǹkan kan sílẹ̀, nígbà ọyẹ́ pàápàá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan funfun báláú á ti di àwọ̀ tí kò lórúkọ. Àwọ̀ wàrà ni kí ẹ yàn fún ohun tó bá tóbi. Kí ẹ wá yan àwọ̀ méjì mìíràn péré tí yóò máa hàn níbí àti níbẹ̀: búlúù tó ti ṣá bí adìrẹ àtijọ́, àti píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Bí ẹ kò bá rí àwọ̀ wàrà tó wù yín, ẹ ra emulsion funfun, kí ẹ bu àwọ̀ yẹ́lò àti búráùn kékeré sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, ẹ máa fi kan pákó kan wò kó gbẹ kí ẹ tó fi kún un. Ọ̀dà tútù kì í jọ ọ̀dà gbígbẹ.

Iṣẹ́ igi: ibi tí iṣẹ́ gan-an wà

Ẹ wo kòkòrò kí ẹ tó wo ẹwà. Ẹ dojú àga dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà alámọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikán ti débẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò igi ni. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sábẹ́ àga náà mọ́jú: bí ẹ bá bá lẹ́búlẹ́bú tuntun lórí ọ̀rá náà láàárọ̀, ó ṣì ń jẹun. Ẹ fi súkúrúdíráfà gún ẹsẹ̀ àga. Bó bá wọlé bí ẹni gún fùfú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí ihò kò bá pọ̀ tí igi ṣì le, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi síríǹjì fa oògùn ikán sínú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìta gbangba, ẹ fi ọ̀rá wé e fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá sá a síbi afẹ́fẹ́ títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ohun tí ikán bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé kí ẹ tó ṣe èyí, nítorí pé àjà yín ló máa gbà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò gbé e fún káfíńtà kó mú oríkèé rẹ̀ le. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni kó lò, kó fi okùn dì í mọ́jú. Ìṣó nìkan kì í pẹ́ tú.

Ẹ wá fọ igi náà. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn ló yẹ, kí ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ọ̀rá ọwọ́ èèyàn tó ti dì sí apá àga láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni ọ̀tá ọ̀dà, ẹ fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sá a síbòòji títí yóò fi gbẹ dénú, kì í ṣe sínú oòrùn ọ̀sán tó lè mú kí pákó là.

Ní ti sáńpépà, ẹ ò ní láti ha ọ̀dà àtijọ́ dànù títí dé igi. Dídán rẹ̀ ni kí ẹ mú kúrò, kí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀ kí ọ̀dà tuntun lè rí nǹkan dì mú. Nọ́ńbà 120 ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, 180 sì wà fún ìparí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà tó ti pẹ́ gan-an lè ní òjé nínú, òjé sì léwu fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹ fi omi rẹ sáńpépà tí wọ́n ṣe fún omi kí eruku má fò, ẹ fi nǹkan bo imú, kí aboyún àti ọmọdé má sí nítòsí. Ẹ fi àkísà tútù nu gbogbo ibẹ̀, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a. Bí ẹ bá ń fura sí i pé òjé wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ láìha rárá.

Ohun kan wà tí ń ba àwọn ènìyàn lọ́kàn jẹ́: wọ́n á kun ìrókò tàbí ọ̀gànwó ní àwọ̀ wàrà, á gbẹ dáadáa, nígbà tó bá di ọjọ́ kejì àbààwọ́n bí omi tíì á ti yọ lójú rẹ̀. Omi inú igi ló ń yọ jáde. Bí ẹ kun ún lẹ́ẹ̀mẹwàá, á tún yọ. Ṣẹ́láàkì tí àwọn káfíńtà àtijọ́ máa ń pò mọ́ sípíríìtì láti fi dán àga ló ń dá a dúró: ẹ fi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi ọ̀dà kàn án. Àwọn káfíńtà tó mọ iṣẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á. Sípíríìtì ń gbaná kíákíá, nítorí náà ẹ má ṣe é nítòsí sítóòfù.

Ó wá kan ọ̀dà. Ní 1990 ni Annie Sloan, obìnrin ayàwòrán kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀dà kan jáde tó pè ní Chalk Paint, tí ń gbẹ láìdán bí ẹfun, ọ̀dà yìí sì ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe shabby chic ń lò. Ẹ ò nílò kí ẹ rà á láti òkè òkun. Agolo mílíìkì ni kí ẹ fi wọn tiyín: agolo mẹ́ta emulsion, agolo kan P.O.P., lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, àti omi tó tó láti yọ́ P.O.P. náà, ó lè tó agolo kan. P.O.P. àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rò pọ̀ títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ tó dà á sínú ọ̀dà, kí ẹ wá sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ tó fúyẹ́. P.O.P. máa ń dì, nítorí náà ẹ má pò ju èyí tí ẹ óò lò láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kì í dì lè fi calcium carbonate, lẹ́búlẹ́bú funfun kan, dípò rẹ̀, ibi tí àwọn tó ń po ọ̀dà ti ń ra kẹ́míkà ni kó ti rà á.

Àwọ̀ abẹ́ ló máa hàn níbi tí ẹ bá ti ha á, torí náà ẹ ronú sí i. Mo fẹ́ràn búlúù àwọ̀ aró lábẹ́ àwọ̀ wàrà, nítorí pé á bá adìrẹ tó máa wà nínú yàrá kan náà ṣe. Ẹ kun búlúù náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ mú àbẹ́là, kí ẹ fi ra etí, igun, àti àyíká ọwọ́ dúrọ́ọ̀. Ẹ wá kun àwọ̀ wàrà lẹ́ẹ̀mejì lé e, kí ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó kun ìkejì. Níbi tí àbẹ́là wà, ọ̀dà ò ní dì mú dáadáa, sáńpépà á sì ṣí i wẹ́rẹ́ láìfi agbára.

Ibi tí ẹ óò ha ló ń fi ẹni tó mọ iṣẹ́ hàn. Ẹ lọ wo àga tí àgbàlagbà kan ti ń jókòó lé láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti ṣí: iwájú apá rẹ̀, níbi tí ó máa ń tẹ̀ dìde, igi ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ń sinmi lé, òkè ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń dì mú láti fi gbé e. Ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òde kò ṣí rárá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe. Ẹ ha ibi tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn èèyàn lè dé, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí ẹ bá ha gbogbo ara rẹ̀ lọ́gbọọgba, á dà bí ohun tí ẹran gé jẹ. Ẹ ha á díẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ wò ó láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tó padà síbẹ̀.

Ohun tó kù ni ìdáàbòbò. Fún àga àti férémù, ìda oyin ló dára jù: ìdá kan ìda sí ìdá mẹ́ta òróró, nínú agolo tí ẹ gbé sínú ìkòkò omi gbígbóná. Ẹ má gbé ìda lé iná tààrà, ó ń gbaná. Bó bá ti tutù tó sì dì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ bu díẹ̀, ẹ fi pa igi, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá nù ún títí á fi tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Orí tábìlì tí ife omi máa ń wà ń fẹ́ varnish. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá olómi ni, nítorí pé èyí tó jẹ́ olóròóró máa ń sọ àwọ̀ wàrà di pípọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ.

Ní ti àsìkò, ìparí oṣù kọkànlá ló wù mí jù. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, eruku ọyẹ́ ò tíì dé gan-an. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ọ̀dà á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín fún ọjọ́ méjì.

Pátánì adìrẹ lára igi

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ará Abẹ́òkúta gbìyànjú. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ bo ibi tí wọn ò fẹ́ kí aró wọ̀, àwọn aládìrẹ Ìbàdàn lókìkí fún fífi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ, ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé pátánì sí lára ni wọ́n ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ gbá a. Àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń gé páànù, àwọn obìnrin a sì máa rẹ aró. Irú pátánì bẹ́ẹ̀ bá iwájú dúrọ́ọ̀ mu. Bí ẹ bá rí aládìrẹ tó ní páànù tó ti gbó tí kò lò mọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tà á fún yín. Bí kò bá sí, ẹ ya pátánì kan sórí páálí tó le, kí ẹ fi abẹ gé e.

Ẹ fi téèpù dè é mọ́ igi. Ẹ mú fóòmù kékeré, ẹ tì í bọ ọ̀dà búlúù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ọ̀dà dín kù gidigidi, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ lé pátánì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ọ̀dà tó bá pọ̀ á ṣàn sábẹ́ páànù. Ẹ gbé páànù náà kúrò lọ́gán, kí ọ̀dà tó gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 180 nù ún díẹ̀ kó lè dà bí èyí tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ojú dúrọ́ọ̀ kan tàbí méjì ti tó. Ẹ má ṣe é sára gbogbo ohun inú yàrá.

Aṣọ

Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú àpótí àwọn ìyá wa ni aṣọ tó dára jù fún iṣẹ́ yìí wà. Adìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ fún ogún ọdún ti rọ̀, àwọ̀ aró rẹ̀ ti di búlúù tí kò sí ní ọjà. Bí apá kan rẹ̀ bá ti ya, ẹ yẹra fún ibẹ̀, kí ẹ gé ìyókù.

Bí ẹ bá lọ rà á, Ìtokú ni ibùdó rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí adìrẹ náà wà ní ọjà. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò: bí ẹ̀yìn bá funfun ju iwájú lọ gidigidi, ẹ̀rọ ni. Ẹ tún wo pátánì méjì tó jọra. Tí ọwọ́ èèyàn bá ṣe é, ọ̀kan á tóbi díẹ̀ tàbí kó yẹ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ. Owó tí ẹ bá san fún ojúlówó, ọwọ́ aláró ló ń wọ̀, kò sì yẹ kí ẹ ná ọjà rẹ̀ wálẹ̀ débi tí iṣẹ́ ò ní pé e.

Ẹ fọ adìrẹ tuntun lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ tó gbé e sórí ohun aláwọ̀ wàrà. Ẹ sá a síbòòji.

Fún ìrọ̀rí inú pálọ̀ tó jẹ́ ínṣì 18 níbùú lóròó, ẹ gé iwájú rẹ̀ ní ínṣì 19 sí 19, kí ẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ínṣì 19 sí ínṣì 12 àti ààbọ̀. Ẹ̀yìn méjèèjì á gun ara wọn láàárín, kò ní sí ìdí fún sípì tàbí bọ́tìnnì. Mẹ́ta náà tò sí ìlà kan lórí aṣọ tó fẹ̀ tó ínṣì 45. Yáàdì márùn-ún á mú ìbòrí ìrọ̀rí mẹ́sàn-án jáde ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ ka mẹ́jọ, nítorí pé aṣọ máa ń sún kì, sísíọ̀sì télọ̀ náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ má lo mẹ́jọ náà sí yàrá kan. Mẹ́ta tó, kí ẹ fi olódòdó méjì tì í.

Olódòdó náà, òkìrìkà ni. Ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ̀ńwá, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá tú bélì, kí ẹ bi àwọn tó ń ta kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Òwú ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tó ń dán. Ẹ fi ọwọ́ fún un pọ̀: òwú á rún, èyí tó ń dán á nà padà bí ẹni pé ẹ ò fọwọ́ kàn án. Kọ́tìnì ńlá kan lè di kọ́tìnì fèrèsé kékeré méjì, àti ìrọ̀rí, àti aṣọ orí tábìlì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́ ní ojú méjèèjì.

Aṣọ ìbòrí àga ńlá ló ń náni jù. Kákí aláwọ̀ wàrà ni mo máa ń dábàá, nítorí pé ó nípọn, ó sì ń ṣe é fọ̀. Ẹ fọ aṣọ náà kí télọ̀ tó gé e. Èyí ṣe pàtàkì gan-an: aṣọ tí wọ́n rán láìfọ̀ á sún kì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, àga á sì máa yọ orúnkún. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ wá wọn àga nínú ilé, kí ó sì rán an tú díẹ̀. Kò yẹ kí ó fún mọ́ àga.

Léèsì tàbí aṣọ funfun tó bá funfun jù, ẹ se tíì tó nípọn, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rẹ aṣọ tó ti tutù sínú rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, ẹ máa yí i. Bó bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju bó ti rí nínú omi lọ.

Ògiri, iná àti àwọn nǹkan kéékèèké

Bí ẹ bá ń gbé ilé onílé, ẹ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kun ògiri. Bó bá kọ̀, ẹ má bínú, ohun tó wà lórí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Bí ògiri bá ń mu omi láti ìsàlẹ̀, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé ná. Ọ̀dà ò lè wo ìyẹn sàn.

Àwọn ìdílé wa máa ń to fọ́tò sókè lẹ́bàá àjà, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n síwájú díẹ̀ kí àwọn àgbà lè máa wo àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Ẹ dá àṣà yẹn padà. Férémù tí kò bára mu, ẹ kùn wọ́n ní àwọ̀ kan náà, ẹ̀rín àti agbádá inú fọ́tò á sì dá wọn pọ̀. Ẹ ya ẹ̀dà fọ́tò kí ẹ tó fi sí ògiri, kí ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀ síbi tí oòrùn ò lè dé.

Gílóòbù tó ń tàn funfun bí ti ilé ìwòsàn á ba gbogbo ohun tí ẹ ṣe jẹ́. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, kí ẹ ra LED tí wọ́n kọ 2700K sí, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Agbọ̀n tí ẹ dojú rẹ̀ dé lè di ìbòrí iná, LED nìkan ni kó wà nínú rẹ̀ nítorí pé kì í gbóná bí gílóòbù ayé àtijọ́.

Abọ́ tánganran tí ara rẹ̀ ti bó kò yẹ fún oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ gbin efinrin sí i lójú fèrèsé. Òdòdó bougainvillea tó ń tanná lórí ọgbà aládùúgbò, ẹ tọrọ ẹ̀ka kan. Ìgò ọtí àtijọ́ ti tó láti gbà á.

Kí ó má baà di àkísà lóòótọ́

Ohun tó gbó nìkan ni ọ̀ṣọ́ yìí gbà, kò gba ìdọ̀tí. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu igi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ má fi omi púpọ̀ nu ohun tí ẹ fi ìda pa. Ẹ tún fi ìda pa á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìbòrí àga, ẹ fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Bí nǹkan bá ti pọ̀ jù lórí tábìlì, ẹ kó ìdajì wọn kúrò kí ẹ wò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdajì yẹn kì í sábà padà.

Níbi tí ọ̀dà bá tún ti bó, ẹ wò ó: bó bá jẹ́ etí, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ibi tó tẹ́jú, ẹ fi ọ̀dà dí i. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú emulsion tó ṣẹ́kù, kí ẹ tó po P.O.P. mọ́ ọn, sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ fi kùn sí ara rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tó tutù.